Ère, Eré àti Èrè: Ìdí tí Àwo Fíìmù Araromire Fi Yẹ Nílé Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè mú kí àwọn kan fajú ro. Kò burú. Ó sàn kí a jọ sọ ọ́ síta ju kí oníkálukú máa kùn sínú lọ.

Ẹyọ ohun kan ni mo fẹ́ sọ. Fíìmù The Figurine, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ Araromire, èyí tí Kúnlé Afọláyan darí tí ó sì jáde ní ọdún 2009, wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa kà bí ó ti ń ka ìwé ìtàn-àròsọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kà á bí ìwé gbọ́dọ̀ ní i bí a ti ń ní ìwé: kí ó ra ojúlówó àwo rẹ̀, kí ó tò ó sáàárín àwọn ìwé rẹ̀, kí ó sì máa padà sí i. Kí ènìyàn kàn sọ pé òun ti wò ó rí kò tó.

Mo mọ àwọn tí yóò takò mí. Àwọn kan yóò ní fíìmù tí ó bá dá lórí òrìṣà kò yẹ nílé onígbàgbọ́. Àwọn mìíràn yóò ní fíìmù tí Gẹ̀ẹ́sì bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe fíìmù Yorùbá. Àwọn tí ó pọ̀ jù lọ yóò sì rẹ́rìn-ín, wọn yóò bi mí pé ta ló ṣì ń ra àwo láyé òde òní. N ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé la ọ̀nà. Bí a bá kọ "ere" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ ère, èyí tí agbẹ́gilére gbẹ́. Ó lè jẹ́ eré, èyí tí òṣèré ṣe. Ó sì lè jẹ́ èrè, èyí tí oníṣòwò jẹ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pàdé nínú ọ̀rọ̀ fíìmù yìí.

ÈRE

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ ìtàn náà, n ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ọ̀rẹ́ ni Fẹ́mi àti Ṣọlá. Ramsey Nouah ni ó ṣe Fẹ́mi; Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣọlá. Obìnrin kan ṣoṣo ni ọkàn àwọn méjèèjì fà sí, Mona ni orúkọ rẹ̀, Omoni Oboli ni ó sì ṣe é. Nígbà tí wọ́n jẹ́ agùnbánirọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bá ara wọn nínú ojúbọ àtijọ́ kan tí a ti pa tì nínú igbó. Ṣọlá rí ère igi kan níbẹ̀, ó sì mú un. Ère òrìṣà Araromire ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ère yìí yóò rí ire fún ọdún méje, lẹ́yìn náà ni ibi ọdún méje yóò dé.

Ire náà dé lóòótọ́. Ṣọlá di olówó, ó sì fi Mona ṣe aya. Ikọ́ fée tí ó ń bá Fẹ́mi fínra fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọdún méje pé, nǹkan dojú rú. Wọ́n ju ère nù, ère tún padà sílé. Àdánù ń gun orí àdánù. Nígbà tí ìtàn ń lọ sí òpin ni a tó rí i pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀ràn náà: Fẹ́mi, tí ìfẹ́ Mona kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ni ó wà nídìí púpọ̀ nínú ibi tí a rò pé òrìṣà ń ṣe. Ìbéèrè tí fíìmù náà sì fi tú wa ká ni pé, kí ni ìwọ gbà gbọ́?

Ìlú Odò-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Èrò ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlú yìí ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1904, ọkùnrin tí ó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì kí ó tó gbọ́ ìpè ní ọdún 1928. Nígbà ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà, ní ọdún 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ère àti oògùn wọn síta pé kí a dáná sun ún. Ní ìlú tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti jáde, kí ènìyàn máa yin fíìmù tí ère jẹ́ orí ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún pé irú àwo bẹ́ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá sun ère nínà ní 1930 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ère kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí fíìmù náà ṣe gan-an. Kò kúnlẹ̀ fún ère, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ bọ ọ́. Ìwádìí ọkàn ni ó ń ṣe. Onígbàgbọ́ tí ó bá ka ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 41 yóò ti rántí ọdún méje ọ̀pọ̀ àti ọdún méje ìyàn tí Jósẹ́fù túmọ̀ fún Fáráò. Ìṣirò kan náà ni fíìmù yìí ń lò. Jósẹ́fù mọ ẹni tí ó rán àlá náà, nítorí náà ó kó oúnjẹ pamọ́. Ṣọlá kò mọ ẹni tí ó rán ire tirẹ̀, kò sì kó nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, yálà ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí kò lọ síbì kankan.

Ẹ tún wò ó síwájú sí i. Ẹni tí ó bá gbà pé òrìṣà ni ó ṣe gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Fẹ́mi wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí. Ẹni tí ó bá sì ní Fẹ́mi ni, kò sí òrìṣà kankan, gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó mú ire ọdún méje wá. Fẹ́mi lè gbé ère padà sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò lè pàṣẹ fún ikọ́ fée pé kí ó kúrò lára òun. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani nínú fíìmù yìí, lójú tèmi, kò sí lára igi tí a gbẹ́. Ó wà nínú pé ènìyàn kan mọ ohun tí àwọn yòókù gbà gbọ́, ó sì fi ìgbàgbọ́ wọn ṣe ohun èlò. Ìyẹn kò kan òrìṣà nìkan. Ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ìbẹ̀rù bá ti jẹ́ kí ojú fọ́. Wòlíì ayédèrú náà mọ iṣẹ́ yẹn.

ERÉ

Àwọn Òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú fíìmù báyìí, èyí tí ewu rẹ̀ ń ti inú ọkàn ènìyàn wá, tí òǹwòran kò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó gbà gbọ́. Nínú kíláàsì mi, eré ìfura ni mo máa ń pè é. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Eré yìí sì ń sọ ẹni tí ó ń wò ó di àgbà tipátipá, nítorí pé ìfura ni yóò fi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Araromire kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ láàárín wa. Ní ọdún 2001, Túndé Kèlání gbé Thunderbolt: Magun jáde láti inú ìtàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ: ọkọ tí ó fura sí aya rẹ̀, tí ìfura náà sì ṣe ara aya léṣe. Ní ọdún 2014, Kúnlé Afọláyan náà tún ṣe October 1, nínú èyí tí ọlọ́pàá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Danladi Waziri dé ìlú Àkótè ní 1960 láti wá ẹni tí ó ń pa àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Bí ẹ kò bá tíì wò ó, n kò ní í sọ ẹni náà fún yín. Fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ ní níní, ṣùgbọ́n Araromire ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ sọ́wọ́ òǹwòran jù.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nípa eré ìfura ni pé wọ́n rò pé bí àṣírí bá ti tú, eré ti tán. Ní ọdún 1960 tí Alfred Hitchcock gbé Psycho jáde, ó fi í lélẹ̀ pé kí àwọn sinimá má ṣe gba ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí àṣírí má bàa tú lójú ẹni tí ó pẹ́ dé. Àṣírí náà ti tú láti ìgbà yẹn. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yé wò ó, wọn kò sì yé ra àwo rẹ̀. Bí àṣírí nìkan bá ni ọjà tí Hitchcock ń tà, ọjà náà ìbá ti kú tipẹ́.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni a ń wo ìtàn. Ìgbà kejì ni a ń wo iṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí a wo Araromire, ère ni ojú wa wà lára rẹ̀. Nígbà kejì, Fẹ́mi ni a ń wò. A ń wo ibi tí ó dúró sí nígbà tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. A ń tẹ́tí sí bí ó ti ń kí aya ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a pè ní ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ nígbà àkọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ olórogún nígbà kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu kan náà ni ó sọ ọ́. Kẹ́mi Adéṣọyè ni ó kọ ọ́, Yinka Edward ni ó ya àwòrán rẹ̀; iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò lè yé ẹni tí ó wò ó lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dìde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ lè dá a dúró, kí ó dá a padà sẹ́yìn, kí ó tún gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àwo ni ó ń fún ènìyàn ní agbára yẹn. Sinimá kò lè fún un.

Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n onímọ̀ èdè tí ó bá sá fún fíìmù nítorí pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń yí láti èdè kan sí òmíràn dà bí apẹja tí ó sá fún odò nítorí pé omi wà níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tí ó kàwé ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Èkó nìyẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bọ́ sí Yorùbá? Ta ni wọ́n ń bá sọ Yorùbá, ta ni wọn kì í bá sọ ọ́? Ṣé inú bíbí ni, ṣé ìbẹ̀rù ni, ṣé àwàdà ni? Iṣẹ́ ìwádìí ńlá ni èyí, kò sì sí ìwé ìtàn-àròsọ tí ó lè fún wa ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé kì í mí, kì í sì í gbé ohùn sókè.

Orúkọ òrìṣà náà pàápàá jẹ́ iṣẹ́ fún wa. Araromire ni wọ́n kọ sí ojú páálí, láìsí àmì ohùn kankan. Ní agbègbè wa níhìn-ín, Araromi-Ọ̀pin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, àwọn Araromi mìíràn sì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìtumọ̀ wọn yé wa: ara rọ̀ mí, ibi tí mo tẹ̀dó sí tí ara tù mí. Bí a bá fi ire kún un, ó di Ararọ̀míre, orúkọ tí ó bá òrìṣà tí ń fúnni ní ìdẹ̀ra mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ bí Ará-rò-mí-re, ìyẹn ni pé àwọn ará mi ń rò mí sí rere. Nínú ìtàn tí ọ̀rẹ́ ti di ọ̀tá, ẹ wo bí orúkọ yẹn yóò ti korò tó! Èmi kò sọ pé bí àwọn tí ó ṣe fíìmù náà ti rò ó nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé lẹ́tà kò lè yanjú rẹ̀. Ohùn nìkan ni ó lè yanjú rẹ̀. Ẹ lọ tẹ́tí sí bí àwọn òṣèré ti pe orúkọ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì jẹ́ kí a jọ jiyàn lé e lórí. Ẹni tí ó ní àwo nìkan ni ó lè wọ inú iyàn yẹn.

ÈRÈ

Wàyí o, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń bi mí pé ta ló ṣì ń ra àwo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwo ayédèrú, nítorí pé nígbà tí a bá ní àwo, òun ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Gbogbo wa ni a mọ ọ́n: páálí pẹlẹbẹ, àwòrán tí ó ti ṣá, a sì kọ ọ́ sí i lójú pé fíìmù ogún ni ó wà nínú ẹyọ kan. Àwo DVD alábala kan kò gbà ju gígábáìtì 4.7 lọ. Bí a bá ki fíìmù ogún bọ inú rẹ̀, ohun kan gbọ́dọ̀ jáde kí ohun mìíràn tó wọlé. Ohun tí ó sì máa ń kọ́kọ́ lọ ni òkùnkùn. Nínú ojúbọ tí kò sí iná, níbi tí ó yẹ kí a rí òjìji kí ó tó yí padà di igi, pátápátá dúdú ni a ó máa rí. Eré ìfura tí kò ní òjìji mọ́ ti di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ohùn náà ń lọ: gbólóhùn tí òṣèré sọ sábẹ́ ètè di ariwo. Fún onímọ̀ èdè, àdánù ńlá ni. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé olè ni. Ẹni tí kì í jí ìwé lórí pẹpẹ ọlọ́jà, tí ó wá ń fi owó ra fíìmù tí a jí, kí ni ó rò pé òun ń ṣe?

Nítorí ayédèrú yìí ni àwọn olùdarí ṣe kọ́ láti máa dá àwo dúró, kí fíìmù kọ́kọ́ gba sinimá kọjá, kí wọ́n lè rí owó tí wọ́n ná kó. Fíìmù tí a yàn fún ẹ̀bùn mẹ́wàá, tí ó sì gba márùn-ún, níbi ayẹyẹ African Movie Academy Awards ní ọdún 2010, òun náà ni a lè jí ní ọ̀sán gangan. Èrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ayàwòrán ń jẹun, akọ̀tàn ń san owó ilé. Bí a kò bá ra ojúlówó, a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe irú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n padà sí eré tí a fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe.

Ẹ ó ní fíìmù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà. Èmi náà ń wò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àlejò ni ènìyàn jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé lè tì í nígbà tí ó bá wù ú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Prime Video ti ilé-iṣẹ́ Amazon kéde pé òun kò ní í náwó mọ́ lórí ṣíṣe fíìmù tuntun ní Áfíríkà. Lánàá wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, lónìí wọ́n ti kọ̀yìn sí wọn. Ìwé àdéhùn ni ó ń sọ ọdún tí fíìmù kan yóò lò lórí irú ojúlé bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí tí ẹnìkan fi sí YouTube láìgba àṣẹ náà kò sàn: wọ́n lè yọ ọ́ kúrò ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ yín lọ́wọ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ tọ́ka sí ẹ̀rí tí kò dúró sójú kan?

Àwọn kan á tún ní àwọn Òyìnbó pàápàá ti pa àwo tì. Lóòótọ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Netflix fòpin sí fífi àwo ránṣẹ́ sílé àwọn oníbàárà, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti 1998. Ṣùgbọ́n àwọn Òyìnbó kan náà ní ilé-iṣẹ́ Criterion, tí ó ti ń gbé ògbólógbòó fíìmù jáde lórí àwo láti ọdún 1984, tí kò sì tíì dáwọ́ dúró. Lórí àwo King Kong tí wọ́n gbé jáde ní ọdún yẹn, wọ́n fi ohùn onímọ̀ kan sí i tí ó ń ṣàlàyé fíìmù bí àwòrán ti ń lọ. Àwọn tí a ń wò bí àwòkọ́ṣe ti tọ́jú tiwọn sílé kí wọ́n tó máa sọ pé ayé àwo ti lọ. Kí ni àwa tọ́jú?

Ìbéèrè yìí ni ó ń dùn mí jù. Bàbá Kúnlé Afọláyan ni Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Àgbàmú ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Ó kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976, ó gbé Ìjà Òmìnira jáde ní 1979, Kádàrá tẹ̀lé e ní 1980. Ní àkókò kan náà ni Hubert Ògúndé ṣe Ayé ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980. Nínú kíláàsì, mo máa ń béèrè pé ta ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ tí ń nà sókè kò tó nǹkan rárá. Orúkọ fíìmù ni a ń kọ́ ọmọ, a kò kọ́ wọn ní fíìmù. Bí a kò bá tètè ṣe nǹkan, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ti bàbá yóò ṣẹlẹ̀ sí ti ọmọ.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan tí ó yọ. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ni a rò pé ó ti sọnù pátápátá. Ní ọdún 2016 ni a rí i nínú àwọn ohun tí a kó pamọ́ ní ìlú Jos. Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, wọ́n fi í hàn ní Berlin ní Jámánì ní ọdún 2018. Ogójì ọdún ni ó fi sùn. Àwọn Haúsá rí tiwọn padà nítorí pé ẹnìkan rọra kó o síbì kan. Ohun tí kò sí níbì kankan, ta ni yóò rí i?

N kò purọ́ fún yín pé àwo kì í bàjẹ́. Ooru ń bà á jẹ́, ìha tí ó há a ń bà á jẹ́, ẹ̀rọ tí ń kà á sì ti ń ṣọ̀wọ́n. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò ní ihò rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ó jẹ́ ẹyọ kan ní ibì kan. Igi kan kì í dágbó ṣe. Bí àwo kan náà bá wà nílé igba akẹ́kọ̀ọ́, ní yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní ọwọ́ olùkọ́ kan ní Ìlọ́fà àti òmíràn ní Ọ̀sí, iná kò lè jó gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ka àwo ṣì wà lọ́jà; ènìyàn márùn-ún lè dáwó ra ẹyọ kan.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń ṣe fíìmù pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀bi kò sí lọ́rùn òǹrajà nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ kí a ra àwo, ẹ fún wa ní àwo tí ó tọ́ sí rírà. Ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán, pẹ̀lú àmì ohùn, yàtọ̀ sí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi àmì ohùn sí orúkọ fíìmù lójú páálí. Ẹ jẹ́ kí olùdarí àti akọ̀tàn jókòó, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn bí fíìmù ti ń lọ. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ ìmọ̀ èdè tí ó lè bá yín ṣe àkọsílẹ̀ náà kún ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí iṣẹ́ ṣe.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín kò le. Bí ẹ bá rí ojúlówó àwo Araromire, ẹ rà á. Ẹ kọ́kọ́ wò ó tán láìdá a dúró, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbà gbọ́ sínú ìwé, ẹsẹ̀ kan péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un wò, kí ojú yín má ṣe kúrò lára Fẹ́mi. Ẹ kọ òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ dí ojú yín, kí ẹ kàn máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò, kí ẹ sì máa sàmì sí ibi tí èdè ti yí padà. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ tó àpilẹ̀kọ oyè àkọ́kọ́.

Títẹ̀ ni a tẹ ìwé Fágúnwà, tí ọ̀pọ̀ rà á, tí ìran mẹ́ta fi jọ mọ̀ ọ́n. Fíìmù tiwa náà kò ní í dúró nípa ìyìn ẹnu. Owó tí ẹ ó fi ra àwo kan kò pọ̀ ju ti ìwé kan lọ, ìwé sì ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹnìkan yóò yá yín.

Ire o.